Mọ́tò oníná: Ẹni tó ra ọ̀kan, ṣé á tún padà ra irú ẹ̀?

Kò sí ìyálọ́jà kan ní Ìpàta tàbí ní Ọjà Ọba ní Ìlọrin tí kò mọ̀ pé títà àkọ́kọ́ kọ́ ni títà. Èèyàn lè ra ata lónìí nítorí pé òjò ti ṣú, tàbí nítorí pé iwájú ìsọ̀ yẹn gan-an ni kẹ̀kẹ́ Márúwá já a sí. Ṣùgbọ́n tó bá padà wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, tó fo ìsọ̀ márùn-ún kọjá kó tó dúró, ìgbà yẹn ni alátà tó mọ̀ pé òun ti ní oníbàárà. Télọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, káfíńtà náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun kan náà ló ń ká àwọn tó ń ṣe mọ́tò lára káàkiri ayé báyìí, pàápàá àwọn tó ń ṣe mọ́tò oníná, ìyẹn mọ́tò tí kì í mu epo rárá, tó jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n ń cháàjì ẹ̀ bí ẹni ń cháàjì fóònù. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi àwọn tó ti rà á ni pé: bí owó bá tún dé ọwọ́ yín, ṣé irú èyí náà lẹ máa rà, àbí ẹ máa sá padà sídìí elépo?

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó nìkan ni o. Lọ́jọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Epo bẹntiróòlù tí wọ́n ń ta kò tó ₦200 lítà kan tẹ́lẹ̀ ti kọjá ₦600 kí oṣù keje ọdún náà tó parí. Takisí fowó lé owó, kẹ̀kẹ́ fowó lé owó, ẹrù tó ń bọ̀ láti oko náà fowó lé owó. Látìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fetí sí ọ̀rọ̀ mọ́tò tí kì í mu epo. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi owó àjọ tàbí owó tó yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ra mọ́tò, kò ní ẹ̀ẹ̀mejì tó máa fi dán an wò. Tó bá ṣì í rà, gbèsè ló rà yẹn.

KÍ LÀWỌN TÓ TI RÀ Á Ń SỌ?

Lọ́dún 2024, ilé iṣẹ́ McKinsey fọ̀rọ̀ wá àwọn onímọ́tò lẹ́nu wò ní orílẹ̀-èdè púpọ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó ní mọ́tò oníná, 29 ló ní ó ṣeé ṣe kí òun padà sí elépo. Ní Amẹ́ríkà, 46 ni. Ohun tí wọ́n ráhùn lé lórí jù ni pé ibi tí èèyàn ti lè cháàjì lóde kò tó.

Ọdún yẹn náà ni àpapọ̀ ẹgbẹ́ àwọn tó ń wa mọ́tò oníná, Global EV Alliance, bi àwọn èèyàn tó lé ní 23,000 ní orílẹ̀-èdè 18. Èsì tiwọn yàtọ̀ pátápátá: 92 nínú ọgọ́rùn-ún ní oníná náà làwọn máa tún rà.

Èwo la fẹ́ gbà gbọ́? Ká fi sọ́kàn pé ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀ ló ṣe èkejì. Ẹni tó lọ bi ìyá ìyàwó bóyá ìyàwó dára, ó ti mọ èsì kó tó béèrè. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ méjèèjì kò ta kora tó bí wọ́n ṣe jọ. Ẹni tí iná wà nílé ẹ̀, tó ń cháàjì lóru tó ń sùn, inú ẹ̀ dùn. Ẹni tó ń wá ibi tí yóò ti cháàjì kiri ló ń kábàámọ̀. Ní Norway, nínú ọgọ́rùn-ún mọ́tò tuntun tí wọ́n tà lọ́dún 2024, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 89 tó jẹ́ oníná. Omi ni wọ́n fi ń ṣe iná wọn, iná náà kì í sì í ṣẹ́jú. Irú mọ́tò tó dùn mọ́ ará ibẹ̀ nínú lè di ìyà fún ẹlòmíràn níbòmíì.

PÍJÒ TI KỌ́ WA LẸ́KỌ̀Ọ́ YÌÍ RÍ

Àwọn àgbà tó ń wa mọ́tò láyé ọjọ́un kò ní láti dúró de McKinsey. Píjò ti kọ́ wọn. Oṣù kẹta ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò ní Kàdúná. Oṣù yẹn náà ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ l'Ékòó, níbi tí wọ́n ti ń to èyí tí gbogbo ayé ń pè ní ìjàpá. Lọ́dún kan náà, Píjò 504 gba ipò kìíní nínú ìdíje mọ́tò Safari ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, níbi tí eruku àti ẹrẹ̀ ti ń sọ mọ́tò ńláńlá di àwókù. Lọ́ọ́yà, dókítà, ọ̀gá ìjọba, kọngílá, 504 ni gbogbo wọn ń gùn. Èyí tó gùn lẹ́yìn nínú wọn ló ń kó èrò láti gáréèjì kan dé òmíràn, láti Ìlọrin dé Ìbàdàn, láti Ìbàdàn dé Èkó.

Kí ló ń mú kí ẹni tó ti ní Píjò kan tún lọ ra Píjò mìíràn? Ẹwà ẹ̀ kọ́. Tó bá dákú sí Ògbómọ̀ṣọ́, mẹkáníìkì abẹ́ igi á fi sípánà àti wáyà jí i dìde. Ẹ̀yà ara ẹ̀ wà ní ọjà Arárọ̀mí ní Géètì, Ìbàdàn; ó wà ní Ládípọ̀, ní Muṣin. Bí olówó ẹ̀ bá sì lò ó títí tó fẹ́ tà á, ẹni tó máa rà á ti dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Nígbà tó yá, nǹkan yí padà. Lọ́dún 1985, náírà kan kò tíì pé tí wọ́n fi ń ra dọ́là kan. Kí ọdún 1986 tó parí, lẹ́yìn tí ìjọba Babangida gbé ètò SAP dé, dọ́là kan ti lé ní ₦3. Òkè òkun ni wọ́n sì ti ń kó púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń tò ní Kàdúná wá. Mọ́tò tuntun bá di ohun àpéwò fún òṣìṣẹ́ olówó oṣù. Tòkunbọ̀ wá ya wọlé, ọ̀pọ̀ sì gba Kútọnu dé. 504 ṣì ń jáde ní Kàdúná lẹ́yìn ọdún 2000, ṣùgbọ́n àwọn àbúrò ẹ̀, bí 406 àti 307, ní kọ̀ǹpútà nínú. Mẹkáníìkì abẹ́ igi kò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ kọ̀ǹpútà wò. Bẹ́ẹ̀ làwọn tó ti búra pé àwọn kò ní gun ohun mìíràn títí ayé ṣe bọ́ sínú Toyota.

Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra Píjò. Ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ fẹ́ràn ẹ̀ ló kúrò lẹ́yìn ẹ̀. Ohun tó ń mú èèyàn padà ra irú mọ́tò kan ni àwọn tó dúró ti mọ́tò náà: ẹni tó máa tún un ṣe, ẹni tó ń ta ẹ̀yà ara ẹ̀, ibi tí yóò ti jẹun, àti ẹni tó máa rà á nígbà tó bá gbó.

BÍ OLÓKO BÁ KÚ, TA NI YÓÒ RO Ó?

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Fisker ṣe mọ́tò oníná kan tí wọ́n pè ní Ocean. Mọ́tò náà rẹwà, ojú ẹ̀ ń dán. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, gbèsè bo ilé iṣẹ́ náà mọ́lẹ̀, ó sì gba kóòtù lọ láti jẹ́wọ́ pé apá òun ò ká a mọ́. Àwọn tó ti sanwó mọ́tò bá di ọmọ aláìníbaba. Ńṣe ni wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fúnra wọn, kí wọ́n lè jọ máa wá ẹ̀yà ara àti ẹni tó máa bá wọn tún kọ̀ǹpútà inú ẹ̀ ṣe. Bí irú èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí ará Amẹ́ríkà, kí ni ti ará Ìlọrin tó ra tòkunbọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ ibi tó ti wá?

TÓ BÁ DÉ ÌLỌRIN ŃKỌ́?

Lọ́dún 2021, ilé iṣẹ́ Stallion gbé mọ́tò oníná Hyundai Kona jáde l'Ékòó, ní ₦24 mílíọ̀nù. Wọ́n ní tí bátìrì ẹ̀ bá kún, á rin kìlómítà 482. Ìlọrin sí Èkó tó nǹkan bíi kìlómítà 300. Ó lè dé ibẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè lọ kó tún bọ̀ láìjẹun lọ́nà. Ọdún yẹn náà ni àjọ ìjọba tó ń rí sí ṣíṣe mọ́tò, NADDC, ṣí ibùdó tí wọ́n ti ń fi oòrùn cháàjì mọ́tò sí yunifásítì Usmanu Danfodiyo ní Sókótó. Ẹni tó wà ní Tankẹ́ tàbí ní Géérí Àlímì kò ní torí cháàjì lọ sí Sókótó.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò owó ẹ̀. Bátìrì Kona yẹn ń gba nǹkan bíi yúnìtì 64. Nígbà tí wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A lọ sí ₦225 yúnìtì kan ní oṣù kẹrin ọdún 2024, yíyó kan jẹ́ ₦14,400. Ká wá ní mọ́tò elépo ń fi lítà kan rin kìlómítà 10, tí lítà kan sì jẹ́ ₦900. Kó tó rin kìlómítà 482 yẹn, epo tó lé ní ₦43,000 ni yóò mu. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Èrè ọjà ọjọ́ mélòó nìyẹn?

Ṣùgbọ́n ta ló wà ní Band A? Àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún ni. Ẹni tí iná ń dé sílé ẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin, tí kò sì mọ ìgbà tí yóò dé, kò lè fọkàn sùn. Tó bá sì ní òun á fi jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní I better pass my neighbour cháàjì ẹ̀, ẹ̀rọ yẹn kì í gbé ju nǹkan bíi wáàtì 650 lọ. Ó gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko láìsinmi kí bátìrì náà tó kún. Epo tó ń sá fún náà ló tún padà ń rà. Ohun tó ń dunni ni pé ní Jẹ́bà, ní ààlà Kwara àti Niger, omi Odò Ọya ni wọ́n ti fi ń ṣe iná láti àwọn ọdún 1980. Ibi tí omi ti ń ṣàn kò jìnnà, síbẹ̀ òùngbẹ ń gbẹ ará ilé.

Ooru náà tún wà níbẹ̀. Lọ́dún 2012, àwọn tó ní Nissan Leaf ní Arizona, ní Amẹ́ríkà, níbi tí oòrùn ti ń mú bí iná, figbe ta pé bátìrì àwọn ti ń rẹ̀ kí ọjọ́ tó lọ. Leaf ìgbà náà kò ní omi tó ń mú bátìrì tutù. Bátìrì Leaf ní ìlà 12 tó ń hàn níwájú awakọ̀. Nissan wá ṣàdéhùn fún wọn níbẹ̀ pé bí ó bá já sísàlẹ̀ ìlà 9 láàárín ọdún márùn-ún, àwọn á tún un ṣe tàbí kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀. Àdéhùn yẹn kì í bá tòkunbọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi. Nítorí náà, ẹni tó bá rí Leaf tó pọ́ọ́kú, kó ka ìlà ẹ̀ kó tó ka owó. Bátìrì ni ọkàn mọ́tò náà, òun ló sì wọ́n jù nínú ẹ̀.

ÀWỌN MẸKÁNÍÌKÌ, Ẹ TẸ́TÍ

Mọ́tò oníná kò ní púlọ́ọ̀gì, kò ní kabúrétọ̀, kò sì ń fẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Bíréèkì, táyà àti ṣọ́kì ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Panẹli-bítà àti rewáyà kò ní pàdánù iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n iná inú ẹ̀ kì í ṣe iná bátìrì mọ́tò lásán: ó lè pa èèyàn lójú ẹsẹ̀. Ọmọṣẹ́ tó bá kọ́ ọ dáadáa lónìí ni yóò jẹun níbẹ̀ lọ́la. Bí kò bá sí irú ẹ̀ ní Ìlọrin, kò sí mọ́tò oníná tí ará Ìlọrin máa rà lẹ́ẹ̀mejì.

Ní Kútọnu àti Lomé, ọ̀kadà ni tiwọn fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 2022, ilé iṣẹ́ tó ń jẹ́ Spiro lónìí gbé alùpùpù oníná wọ Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò. Ọlọ́kadà kì í jókòó ti cháàjì: ńṣe ló ń ya síbùdó, tó ń fi bátìrì tó ti tán gba èyí tó kún, tó sì ń bá tiẹ̀ lọ. Ọgbọ́n gidi ni, ó sì bá àwọn tó ń fi ojúmọ́ jẹun mu. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rà á ti so okùn ara ẹ̀ mọ́ ti ilé iṣẹ́ náà. Ọjọ́ tí ibùdó bá tilẹ̀kùn, ọ̀kadà di ìjókòó.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó kó owó àjọ jáde, ìbéèrè mẹ́rin ni kó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Ta ló ń tún un ṣe nínú Ìlọrin níbí? Níbo ni ẹ̀yà ara ẹ̀ wà, tí èèyàn lè fi ọjọ́ kan lọ kó sì bọ̀? Ta ni yóò ṣe onídùúró bátìrì ẹ̀, ọdún mélòó sì ni? Ta ni yóò rà á lọ́wọ́ mi bí mo bá fẹ́ tà á? Bí ẹni tó ń tà á bá ń dáhùn pé ẹ sáà wo bó ṣe ń dán, ẹ kí i pé ó kú ọjà, kẹ́ ẹ máa lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ní mọ́tò rí, oníná ni o, elépo ni o, ojú ìwé lẹ́tà ṣí sílẹ̀ fún yín. Ẹ sọ irú èyí tẹ́ ẹ ní, kẹ́ ẹ sì sọ bóyá ẹ máa tún rà á. Ọjà tó bá dára, ẹni tó rà á lánàá ló ń polówó ẹ̀.