Ǹjẹ́ Òótọ́ Ni Pé Òkè Kì í Ṣídìí?

“Gbọningbọnin ni tòkè, òkè kì í ṣídìí.” Ta ni a kò tíì fi gbólóhùn yìí súre fún rí láàrin wa? Èmi náà ń ṣe àmín sí i, àfi ìgbà tí ọ̀rẹ́ mi kan tí ń kọ́ ìmọ̀ nípa àpáta fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní òkè ń rìn, àti pé èdè Yorùbá kò lè ṣàlàyé rẹ̀. Èyí ló mú mi wádìí.

Ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ pín sí pẹlẹbẹ ńláńlá tí ń sún díẹ̀díẹ̀. Ní 1912 ni Alfred Wegener, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, sọ pé àwọn ilẹ̀ ńlá ayé ń ṣípò padà. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò gbà á gbọ́ títí ó fi kú ní 1930.

Ẹ jẹ́ kí a wo òkè Himalaya ní Éṣíà. Ní nǹkan bí mílíọ̀nù 50 ọdún sẹ́yìn, ilẹ̀ Íńdíà rìn láti gúúsù wá kọlu ilẹ̀ Éṣíà. Bí a bá ti ẹní mọ́ ògiri, yóò ká sókè. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe. Òkun àárín wọn pòórá. Ìdí nìyí tí àpáta orí Everest, tí ó ga ju mítà 8,848 lọ, fi ní àwókù ẹ̀dá inú òkun nínú. Títì náà kò tíì dáwọ́ dúró: ní 2015, ilẹ̀ mì ní Nepal, ẹni tó kú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 9,000.

Bí òkè ti ń ga ni òjò, yìnyín àti odò ń họ ọ́. Odò Ganges àti Brahmaputra ń ru erùpẹ̀ rẹ̀ lọ sókun.

Àwa náà ńkọ́? Abẹ́ ilẹ̀ lọ́hùn-ún ni àpáta Ìdànrè ti dì ní nǹkan bí mílíọ̀nù 600 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí irú ìkọlù bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ níhìn-ín. Òjò àti oòrùn ló ṣí ohun tó bò ó kúrò. Ìpìlẹ̀ òkè àtijọ́ ni à ń gùn.

Ṣé àwọn baba wa purọ́ ni? Rárá o. Ọjọ́ orí ènìyàn ni wọ́n fi wọn òkè. Ọjọ́ orí ilẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi fi wọ̀n ọ́n. Ní ti èdè, Yorùbá náà ni mo fi kọ èyí. Bí ẹ bá tún fi òkè súre fún mi, n ó ṣe àmín.