Ọyẹ́ dé, Òkè Ìdànrè ń pe àlejò: Ta ni yóò tọ́jú rẹ̀ lẹ́yìn àríyá?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá rìn jìnnà ló ń rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ní ti àwọn ará Òfosù, ìlú olóko kòkó tó wà létí títì márosẹ̀ Ṣágámù sí Benin, ohun àrà tí àwọn ẹlòmíràn ń ti òkèèrè wá wò kò jìnnà sí wọn. Ìjọba ìbílẹ̀ Ìdànrè kan náà ni òkè yìí àti Òfosù wà, síbẹ̀ kì í ṣe gbogbo ọmọ Òfosù ló tíì gùn ún rí.

Ẹni tó bá fẹ́ gba títì ńlá yóò kọjú sí Orè, yóò gba Oǹdó bọ́ sí Àkúrẹ́, kó tó yà sí Ìdànrè. Bí ó bá jẹ́ àsìkò ọyẹ́, eruku tí afẹ́fẹ́ ń gbé bọ̀ láti aṣálẹ̀ Sàhárà lè bo òkè náà mọ́ àlejò lójú títí yóò fi sún mọ́ ọn dáadáa. Òtútù a máa mú láàárọ̀, ètè a sì máa gbẹ.

Àsìkò ọyẹ́ yìí gan-an, nígbà tí ọdún bá ń parí lọ, ni wọ́n mú fún àjọ̀dún Mare láyé ìjọba Gómìnà Olúṣẹ́gun Mímikò, ẹni tó wà lórí àléfà láti 2009 sí 2017. Àwọn tó fẹ́ràn òkè gígùn, orin àti ijó ló ń pé jọ sí Ìdànrè. Àjọ̀dún yìí yàtọ̀ sí ọdún Orosùn, tí í ṣe ọdún ìbílẹ̀ àwọn ọmọ Ìdànrè fúnra wọn nínú oṣù Karùn-ún.

Ọ̀pọ̀ àtẹ̀gùn ni àlejò yóò gùn kó tó dé ìlú àtijọ́ lókè. Ibẹ̀ ni àwọn baba ńlá Ìdànrè gbé fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, kí àwọn èèyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ òkè ní àwọn ọdún 1920. Ààfin Ọwá àtijọ́ wà níbẹ̀, ilé ẹjọ́ àtijọ́ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn àti omi tí wọ́n ń pè ní Omi Àpáàrá.

Kí àgbàlagbà má ṣe bá ọ̀dọ́ du àtẹ̀gùn yìí o. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Àárọ̀ ló dára jù láti gùn ún; kí èèyàn mú omi dání, kó wọ bàtà tó di ẹsẹ̀ mú, kó sì jókòó níbi ìsinmi tó wà lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí orúnkún dídùn, kó kọ́kọ́ rí dókítà.

Àríyá òkè nígbà òtútù kì í ṣe tiwa nìkan. Láti 1981 ni àwọn olólùfẹ́ sinimá ti ń pé jọ nínú yìnyín oṣù Kìíní ní Park City, ìlú kan láàárín òkè ní Utah, Amẹ́ríkà, fún àjọ̀dún tí a mọ̀ sí Sundance. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2025, àwọn tó ń ṣe é kéde pé láti 2027, Boulder ní Colorado ni wọn yóò kó o lọ. Ẹ̀kọ́ ńlá lèyí. Àríyá lè kó ẹrù rẹ̀ lọ síbòmíràn; òkè kò lè lọ síbì kan.

Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó ká àwọn ọmọ Ìdànrè lára nìyí. Ọdún 2007 ni Nàìjíríà fi orúkọ Òkè Ìdànrè sínú ìwé àwọn ibi tó fẹ́ kí àjọ UNESCO gbé yẹ̀ wò gẹ́gẹ́ bí ohun ìní gbogbo ayé. Sukur ní Adamawa, tí òun náà jẹ́ ìlú orí òkè, ti gba ipò náà láti 1999. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo gbà á lọ́dún 2005. Ìdànrè ṣì ń dúró. Ògiri amọ̀ kò sì mọ ìdúró. Bí òjò bá ń rọ̀ ọ́ tí ẹnikẹ́ni kò sì tún un ṣe, yóò wó.

Lóòótọ́, ìparí ọdún náà ni kòkó máa ń pọ̀ lóko, oòrùn ọyẹ́ ló sì ń bá àgbẹ̀ sá a. Kò rọrùn fún olóko Òfosù láti fi kòkó sílẹ̀ lórí ẹní kó wá gun òkè. Ṣùgbọ́n bí kòkó bá tà tán, tí ọmọ ilé ìwé sì wà nílé fún ìsinmi ọdún, ọjọ́ kan péré kò pọ̀ jù láti mú un lọ wo ibi tí ìtàn ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó bá fojú ara rẹ̀ rí ààfin náà ni yóò bèèrè lọ́wọ́ ìjọba, bó bá dàgbà, ìdí tí ògiri rẹ̀ fi ń wó. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.