Àtọ̀gbẹ Tó Mú Ojú: Bí Aláìsàn Ṣe Lè Máa Lo Oògùn Láìṣì í Lò



Bí ṣúgà bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó máa ń ba àwọn iṣan tín-ín-rín tó wà lẹ́yìn ẹyinjú jẹ́. Kì í dunni, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ kì í fi í tètè mọ̀. Kí gbogbo alátọ̀gbẹ máa ṣe àyẹ̀wò ojú lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kódà bí wọ́n bá ń ríran dáadáa. Ìtọ́jú lè dá ìbàjẹ́ náà dúró, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti dá ìríran tó ti lọ padà.

Ẹni tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú ńkọ́? A máa ń pàdé àwọn àgbàlagbà tó ti pa oògùn tì torí wọn kò rí ohun tí a kọ sára páálí. Ẹ má jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ nílé yín. Ẹ so rọ́bà kan mọ́ ike oògùn àárọ̀, kí ẹ so méjì mọ́ ti alẹ́. Ojú kan ni kí wọ́n máa wà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣí wọn nípò láìsọ fún un.

Bó bá jẹ́ abẹ́rẹ́ insulin ni, kí ẹni tó ríran, tí nọ́ọ̀sì ti kọ́, máa bá a fa oògùn náà. Nínú àwọn ìletò wa tí kò sí iná ọba, bí Awóyè, ìpamọ́ rẹ̀ gba àkíyèsí. Ọ̀pọ̀ insulin tí a ti ṣí lè wà níta fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4, bí ooru kò bá kọjá ìwọ̀n 30 Celsius. Nítorí náà, ẹ má rà á jọ. Ẹ má sì kì í bọ àárín yìnyín inú kúlà ẹja: insulin tó bá ti dì kò wúlò mọ́, kódà bó bá yọ́.

Àtọ̀gbẹ lè mú kí ẹsẹ̀ má mọ ìrora. Bí ìṣó afárá pákó bá gún aláìsàn, ó lè má mọ̀. Lẹ́yìn àlùwàlá, kí ẹnìkan bá a nu àárín ọmọ-ìka ẹsẹ̀ gbẹ, kó sì wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá egbò wà.

Bó bá ń làágùn, tó ń gbọ̀n, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dàrú, ṣúgà rẹ̀ lè ti lọ sílẹ̀. Ẹ fún un ní hóró ṣúgà 3 tàbí 4, kí ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Bí kò bá mọra mọ́, ẹ má fi nǹkan sí i lẹ́nu. Ilé-ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ.

Nínú Ramadan, bí ẹ̀rọ bá ka ohun tó kéré sí 70 tàbí tó ju 300 lọ, kó ṣínu. Al-Baqarah, āyah 184 àti 185, ti yọ̀ǹda fún aláìsàn. Kó rí dókítà kí oṣù ààwẹ̀ tó wọlé.

Kí Allāhu fún wa ní ìlera. Āmīn.