Bí Ọkọ̀ Bá Kọ̀ Lóru: Bí A Ti Lè Tọ́jú Land Rover Àtijọ́ Nínú Ilé

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá fún yín lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ti oúnjẹ, kì í sì í ṣe ti aṣọ. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni. Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣí ojú ìwé yìí kọjá, kí ẹ má sọ pé ti àwọn ọkùnrin nìkan ni. Bí ẹ bá kà á dé ìdí, ẹ ó rí i pé obìnrin ni ó yọ mí nínú ìtìjú.

Ajégúnlẹ̀ ni mo ń gbé, kò jìnnà sí Boundary, níbi tí ìyá àwọn ọmọ mi ti ń ta epo pupa àti gàrí. Ẹ̀gbọ́n mi kan tí ó ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀fù Àpápá ni ó fi Land Rover àtijọ́ kan sílẹ̀ fún mi. Òun ni a fi ń kó kẹ́ẹ̀gì epo lọ sọ́jà, òun ni àwọn ará àdúgbò sì ń yá nígbà tí ọ̀ràn bá dé. Fún ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi ń wà á tí n kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ rí. Bí ó bá ti kọ̀, mẹkáníìkì ni mo ń pè, iye tí ó bá dá lé mi ni mo sì ń san.

Ní òru ọjọ́ kan nínú oṣù July, aládùúgbò mi kan kan ilẹ̀kùn. Ìyàwó rẹ̀ ń rọbí. Òjò ti ń rọ̀ láti ìrọ̀lẹ́, omi sì ti mu ènìyàn dé orúnkún ní àwọn ibì kan. A gbé obìnrin náà sínú ọkọ̀, mo yí kọ́kọ́rọ́: ẹ́ńjìnnì ń yí, ṣùgbọ́n kò gbiná. Mo tún un ṣe títí bátìrì fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀. Mo pe mẹkáníìkì, kò gbé fóònù. Obìnrin náà ń ké, ọkọ rẹ̀ ń wo ojú mi, èmi náà ń wo kọ́kọ́rọ́.

Ni ìyá àwọn ọmọ bá jáde tòun ti gèlè gbígbẹ lọ́wọ́. Ó ní, “Àlùfáà, ẹ jẹ́ kí bátìrì náà sinmi. Ẹ bá mi tan tọ́ọ̀ṣì síbí.” Awakọ̀ lọ́rì agbépákó ni bàbá rẹ̀, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé bàbá náà kọ́ ọmọ rẹ̀ ní nǹkan kan. Ó ṣí ìdérí dísíríbútọ̀, ó fi gèlè nu inú rẹ̀, ó nu wáyà púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti òkè délẹ̀, ó dé e padà. Ó ní kí n yí i. Ìgbà kejì ni ó gbiná. A dé ilé ìwòsàn ìjọba ní Ajeromi, kí a tó pe ìrun àsùbá, obìnrin náà ti bí ọmọbìnrin. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Ẹ wo ìtìjú mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti san owó ńlá rí fún irú àárẹ̀ kan náà, tí wọ́n sọ fún mi pé ẹ́ńjìnnì ni ó bàjẹ́. Ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìyàwó mi, ohun tí mo kọ́ ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Irú ọkọ̀ tí ó jẹ́

Ọjọ́ 30 oṣù April ọdún 1948 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ fi Land Rover han aráyé, níbi ìpàtẹ ọkọ̀ ní ìlú Amsterdam. Ogun àgbáyé kejì kò tíì pẹ́ tí ó parí, irin ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ wọn, nítorí náà wọ́n fi àdàlù álúmínọ́mù rọ ara rẹ̀, ọmọ ìyá ìkòkò funfun tí a fi ń se ọbẹ̀. Irin gidi ni ṣáásí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Series III ni tèmi, irú èyí tí wọ́n ṣe láti ọdún 1971 títí di 1985. Ní ìgbà kan, ilé iṣẹ́ Leyland ní Ìbàdàn ń to Land Rover pọ̀ nílẹ̀ wa níbí. Ọjọ́ 29 oṣù January ọdún 2016 ni èyí tí ó kẹ́yìn nínú ìdílé náà, tí wọ́n ti ń pè ní Defender, jáde ní Solihull.

Ọdún 1926 ni èbúté olómi jíjìn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àpápá, ti Tin Can Island sì tẹ̀lé e ní 1977. Ẹnu ọ̀nà tí tòkunbọ̀ ń gbà wọlé nìyẹn, ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni atẹ́gùn oníyọ̀, omi àkúnya àti ẹrẹ̀ ti ń bá ọkọ̀ jà. Ẹni tí ó bá ń gbé lọ́dọ̀ wa gbọ́dọ̀ mọ ìjà náà.

Ìdí tí omi fi ń pa iná

Bátìrì ọkọ̀ jẹ́ fóòtì 12 péré. Kọ́ìlì ni ó ń sọ ọ́ di ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóòtì, dísíríbútọ̀ sì ń pín in fún púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan ní àkókò tirẹ̀, bí ìyá ti ń pín ẹran fún ọmọ. Bí omi bá wọ inú ìdérí rẹ̀, iná náà á gba ara omi sá lọ, kò ní dé ọ̀dọ̀ púlọ́ọ̀gì. Nígbà tí a bá ń wakọ̀ nínú omi, fáànù ẹ́ńjìnnì gan-an ni ó máa ń da omi sórí rẹ̀. Nítorí náà, ẹ pa ọkọ̀, ẹ ṣí ìdérí, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún. Ẹ wò ó bóyá ó ti là. Ẹ má fọwọ́ kan wáyà náà nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, iná rẹ̀ le.

Lábẹ́ ìdérí náà ni ẹ ó ti rí kọ́ńtáàtì, irin kékeré méjì tí ń pàdé tí ń yà. Bí ó bá ṣí tán, àlàfo àárín wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ 0.35 sí 0.40 mìlímítà. Irin pẹlẹbẹ tí a fi ń wọn ọ́n wà lọ́jà. Bí kọ́ńtáàtì bá ti jó dúdú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kò gbówó lórí.

Ẹ tú púlọ́ọ̀gì wò pẹ̀lú, ẹnu rẹ̀ yóò bá yín sọ̀rọ̀. Bí ó bá ní àwọ̀ búrẹ́dì tí ó jinná, ara ẹ́ńjìnnì yá. Bí èédú gbígbẹ bá bò ó, pẹtiróòlù ń pọ̀ jù. Bí ó bá dúdú tí ó tún ní ọ́ìlì, ẹ́ńjìnnì ti ń gbó. Láti oṣù May ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ẹni tí púlọ́ọ̀gì rẹ̀ dọ̀tí ń da owó sílẹ̀ lójú títì.

Àyẹ̀wò òwúrọ̀

Kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná ni kí ẹ ṣe èyí, kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ẹ fa ọ̀pá gééjì yọ, ẹ nù ún, ẹ tì í bọ̀ ọ́, ẹ tún fà á yọ, kí ọ́ìlì wà láàárín àmì méjèèjì. Ẹ wo omi rédíétọ̀. Omi kànga tí ó bá ní iyọ̀ tàbí tí ó pọ́n kò dára fún un, nítorí ó ń mú kí inú ẹ́ńjìnnì dípẹtà. Omi òjò tí a sẹ́ dáadáa sàn jù ú. Ẹ má ṣí ìdérí rédíétọ̀ gbígbóná láé: mo mọ ẹni tí ó ṣe bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ ni ó fi jìyà.

Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ fáàn bẹ́ẹ̀lì, kí ó má dẹ̀ jù. Ẹ wo ẹnu bátìrì: bí nǹkan funfun bá hù sí i, ẹ tú u, ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ẹ gbẹ ẹ́, ẹ fi gíríìsì díẹ̀ pa á. Ẹ má mú iná tàbí sìgá dé ibẹ̀. Ẹ wo omi bíréèkì nínú agolo rẹ̀. Bí ó bá ń dínkù lójoojúmọ́, ó ń jò níbì kan, ẹ má wa ọkọ̀ náà jáde.

Lẹ́yìn omi àkúnya

Òjò kò bá ẹnì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni tí eji rí ni eji ń pa. Bí ẹ bá jáde nínú omi, ẹ rọra máa tẹ bíréèkì díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ti ń lọ, kí ó lè gbẹ, nítorí bíréèkì tí ó tutù kì í mú.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ nìyí: ìdí ọkọ̀, níwájú àti lẹ́yìn, ti gbóná nígbà tí ó ń rìn. Bí ó bá wọ omi tútù lójijì, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á sún kì, á sì fa omi wọlé láti ẹnu ibi tí ó ti gbó. Lọ́jọ́ kejì, ẹ tú nọ́ọ̀tì ibi tí a ń gbà da ọ́ìlì sí i, ẹ ti ìka bọ̀ ọ́. Bí ọ́ìlì náà bá funfun bí ẹ̀kọ mímu, omi ti dé ibẹ̀. Ẹ dà á nù, ẹ rọ tuntun. Ẹni tí ó bá fi í sílẹ̀ yóò ra jíà ìdí lódindi.

Kí ẹ sì fi omi tí kò ní iyọ̀ fọ abẹ́ ọkọ̀. Álúmínọ́mù kì í dípẹtà bí irin, ṣùgbọ́n níbi tí òun àti irin bá ti fara kanra tí omi iyọ̀ sì wọ àárín wọn, álúmínọ́mù á máa jẹrà bí eyín tí kòkòrò jẹ. Ẹ há ẹrẹ̀ kúrò lára ṣáásí, ẹ kùn ún. Ọ́ìlì tí ẹ dà nù, ẹ má dà á sí gọ́tà: omi wa náà ni yóò padà sí.

Ọ̀pá yẹ́lò àti ọ̀pá pupa

Ọ̀pọ̀ ló ní jíìpù tí kò mọ bí a ti ń lo ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá jíà ńlá, ọ̀pá kékeré méjì wà. Bí ẹ bá tẹ yẹ́lò mọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ iwájú á bá tẹ̀yìn ṣiṣẹ́. Pupa ni ti agbára ńlá fún ẹrẹ̀ tí ó jìn: ẹ dúró ná, kí ẹ tó fà á sẹ́yìn. Bí ẹ bá fẹ́ kúrò níbẹ̀, ẹ dúró, ẹ ti pupa padà síwájú, yẹ́lò á sì fò sókè. Bí ó bá jẹ́ pé yẹ́lò nìkan ni ẹ tẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fa pupa sẹ́yìn kí ẹ tó tì í padà.

Ẹ má lò ó lórí títì gbígbẹ. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń yà, ọ̀nà tí ẹsẹ̀ iwájú ń rìn jìnnà ju ti ẹ̀yìn lọ. Ẹrẹ̀ á jẹ́ kí táyà yọ̀, títì kò ní jẹ́ kí ó yọ̀, jíà á sì máa lọ́ ara rẹ̀ títí ohun kan yóò fi kán.

Èyí tí ó léwu

Ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. Ẹ fi òkúta dí táyà, ẹ fi igi ńlá tí ó le ti ṣáásí. Ẹ lé àwọn ọmọdé jìnnà, ẹ má tọ́jú pẹtiróòlù sínú ilé. Títú bíréèkì àti ṣíṣe sítíárìn-ìn, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún ẹni tí ó kọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ dúró tì í kí ẹ máa wo ohun tí ó ń ṣe.

Bí ẹ bá ń lọ ra ohun èlò ní Ládípọ̀, ẹ mú èyí tí ó bàjẹ́ dání. Ẹ gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹ ka nọ́ńbà ara wọn. Bẹ́ljíọ̀mù tí ó dára lè sàn ju tuntun tí ó jẹ́ ayédèrú. Lẹ́yìn náà, ẹ ra ìwé kékeré kan. Ìyá àwọn ọmọ ni ó ń kọ tiwa, bí ó ti ń kọ gbèsè àwọn oníbàárà rẹ̀: ọjọ́ tí a pààrọ̀ ọ́ìlì, iye tí a ná, ohun tí a gbọ́ tí ó ń dún. A ń pààrọ̀ ọ́ìlì ní gbogbo 5,000 kìlómítà. Ìwé náà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún gba owó ohun kan náà lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀yin òbí, ẹ pe àwọn ọmọ yín, ọkùnrin àti obìnrin, sí ẹnu bọ́nẹ́ẹ̀tì ní òwúrọ̀ Sátidé. Ọmọbìnrin tí a bí ní òru ọjọ́ náà ti ń rìn báyìí. Bí mo bá rí i lójú pópó, mo máa ń rántí gèlè ìyàwó mi, mo sì máa ń béèrè lọ́kàn mi pé: bí bàbá rẹ̀ kò bá kọ́ ọ nígbà tí ó wà lọ́mọdé ńkọ́?

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọkọ̀ wa kọ̀ ní ọjọ́ tí a ní ìlò rẹ̀. Àmín.