Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn ní Òkè-Òkun àti Ọ̀nà Àbọ̀ Rẹ̀

Bí ọmọ Kúta bá fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà ní òkè-òkun, ohun mẹ́ta ni àwọn ará ilé máa ń béèrè: èló ni owó ilé-ìwé, èló ni owó ọkọ̀ òfuurufú, ṣé òtútù ibẹ̀ kò ní pa á? N kò tíì rí ìdílé tí ó béèrè pé níbo ni yóò ti ṣe iṣẹ́ náà nígbà tí ó bá kọ́ ọ tán. Wọn kò bi èmi, èmi pàápàá kò sì bi ara mi. Nígbà tí olóòtú ìwé yìí, tí ó jẹ́ ọmọ ìlú mi, ní kí n kọ nǹkan fún ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, mo rò ó pé ìbéèrè yẹn ni ó yẹ kí n kọ lé lórí, nítorí pé ó ná mi ní ọdún kan gbáko, ó sì ná ìyá mi ní ilẹ̀ kan tí ó kù lẹ́yìn èyí tí ó ti tà tẹ́lẹ̀.

Kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé fún àwọn tí kì í ṣe oníṣègùn láàárín wa. Apá méjì ni ẹ̀kọ́ dókítà pín sí. Ní apá kìn-ín-ní, inú kíláàsì ni akẹ́kọ̀ọ́ wà, tí ó ń kọ́ nípa egungun, ẹ̀jẹ̀, iṣan àti oògùn. Ní apá kejì, yóò wọ ilé-ìwòsàn, yóò sì máa lọ láti wọ́ọ̀dù dé wọ́ọ̀dù: ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́-abẹ, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn aláboyún, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, títí yóò fi yí gbogbo rẹ̀ po. Àwa ará agbègbè Ìwó mọ èyí dáadáa. Ọmọ tí ó bá ń kọ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Bowen, Ìwó ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n Ògbómọ̀ṣọ́ ni yóò ti wọ wọ́ọ̀dù, ní ilé-ìwòsàn tí àwọn Onítẹ̀bọmi dá sílẹ̀ ní 1907. Lẹ́yìn tí ó bá gboyè, yóò ṣe háósì-jọ́ọ̀bù fún ọdún kan. Bí ó bá wá fẹ́ di àgbà dókítà nínú ẹ̀ka kan, yóò tún wọ ẹ̀kọ́ ọlọ́dún púpọ̀ tí a ń pè ní residency. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ni pé ibi tí ènìyàn ti yí wọ́ọ̀dù po, àti ohun tí ó rí níbẹ̀, ni ó sábà máa ń pinnu ibi tí wọn yóò ti gbà á fún residency.

Kì í ṣe òní ni a ti ń rìnrìn-àjò nítorí wọ́ọ̀dù. Dókítà Obadiah Johnson, ẹni tí ó tún ìwé ìtàn Yorùbá tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Samuel Johnson kọ tò kí ó tó jáde ní 1921, Edinburgh ni ó ti gba oyè ìṣègùn. Nígbà tí Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1948, nílé ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn àkọ́kọ́ ti ka apá kìn-ín-ní, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n sì ti lọ parí apá kejì, nítorí pé ilé-ìwòsàn tí ó tó fún irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kò tíì sí nílé. Ní 1957 ni wọ́n ṣí UCH. Nígbà tí ó di 1960, àwọn tí ó ka gbogbo rẹ̀ tán ní Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàárín àwọn wọ̀nyẹn àti àwa. Oyè Lọ́ńdọ̀nù kan náà ni wọ́n ń gbà, ìbáà jẹ́ ilé ni wọ́n ti parí tàbí òkè-òkun. Akẹ́kọ̀ọ́ òde òní tí ó dá lọ sí Rọ́ṣíà tàbí Ṣáínà, òun nìkan ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ara rẹ̀. Bí kò bá ṣètò, kò sí ẹni tí yóò bá a ṣètò.

Orílẹ̀-èdè kan ní ìhà ìlà-oòrùn Yúróòpù ni mo ti kàwé. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ wa ní kíláàsì, inú wa sì ń dùn pé a bọ́ lọ́wọ́ èdè wọn. Ọjọ́ tí a wọ wọ́ọ̀dù ni ojú wa là. Aláìsàn wo ni yóò sọ Gẹ̀ẹ́sì? Ìyá arúgbó dùbúlẹ̀, ó ń kérora, ó ń tọ́ka sí ikùn rẹ̀, àwa mẹ́wàá sì yí bẹ́ẹ̀dì ká bí ère. Olùkọ́ yóò gbọ́ gbogbo àlàyé rẹ̀, yóò túmọ̀ rẹ̀ fún wa ní gbólóhùn kan, a ó sì kọjá sí ẹlòmíràn. Báyìí ni mo ṣe lo ọdún méjì: mo ń rí aláìsàn, n kò bá aláìsàn sọ̀rọ̀.

Nígbà tí mo wá sílé fún ìsinmi, mo tọrọ àyè ní ilé-ìwòsàn kan nítòsí Ìwó. Mo rò pé mo ti dé ilé, èdè mi ni Yorùbá. Ìyá kan sọ fún mi pé àyà òun ń já. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé àyà ń dùn ún. Nọ́ọ̀sì àgbà tí ó dúró tì mí wo ìwé mi, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Dókítà, àyà ń já wọn ni wọ́n wí o, wọn ò wí pé ó ń dùn wọ́n." Mo tún ìyá náà bi. Kò sí ìrora kankan. Ọkàn rẹ̀ ni ó ń lù kìkì, ẹ̀rù sì ń bà á. Àìsàn ọ̀tọ̀ ni èyí, oògùn ọ̀tọ̀ ni. Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ àwọn aláìsàn sínú ìwé kékeré kan: làkúrègbé, jẹ̀díjẹ̀dí, àtọ̀sí, ìpá, ọdẹ orí, nǹkan tí ó ń rìn lára. Kò sí èyí tí òyìnbó kọ́ mi nínú wọn. (Ẹ̀yin olùkọ́ wa ní ẹ̀ka Yorùbá, bí ẹ bá ń wá iṣẹ́ ìwádìí tí ẹ ó fún akẹ́kọ̀ọ́, ẹ rán wọn lọ sí wọ́ọ̀dù.)

Ẹni tí ó bá gboyè níta tí ó sì fẹ́ ṣiṣẹ́ nílé gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò MDCN, ìgbìmọ̀ tí ó ń ṣàkóso iṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà, kí ó tó lè wọ háósì-jọ́ọ̀bù. Ìdánwò yìí kò béèrè ohun tí ó ń pa àwọn òyìnbó nìkan. Ó ń béèrè ibà tí ó mú ọmọdé tí ó fi di gìrì, fòníkú-fọ̀ladìde, ikọ́ ife, ibà Lásà, àti ẹ̀jẹ̀ ríru nínú oyún. Mo mọ àìsàn ọkàn àgbàlagbà òyìnbó bí ẹní mọ orúkọ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tí ibà gbé dákú, inú ìwé ni mo ti mọ̀ ọ́n. Mo fìdí rẹmi. Ó di ìgbà tí mo padà sí wọ́ọ̀dù nílé fún oṣù mẹ́fà, tí n kò gba kọ́bọ̀, kí n tó yege. Ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn mẹ́ta ni mo fi ṣeré kí n tó gboyè. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn, bí mo bá fi gbogbo rẹ̀ ṣiṣẹ́ nílé, ì bá ti tó.

Lẹ́yìn ìdánwò ni háósì-jọ́ọ̀bù, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ní ẹ̀ka mẹ́rin: àìsàn inú ara, iṣẹ́-abẹ, ọmọdé, àti aláboyún. Lẹ́yìn náà ni àgùnbánirọ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́n ti ń ka ìwé ìdánwò àbáwọlé residency ní gbogbo àkókò yìí, yálà ti National Postgraduate Medical College, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1979, tàbí ti àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹni tí ó bá yege rẹ̀ yóò wá àyè ní ilé-ìwòsàn ńlá, wíwá àyè náà sì jẹ́ iṣẹ́ ní tirẹ̀.

Ní ti àwọn tí kò fẹ́ padà sílé, Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ ń wò. Apá kìn-ín-ní ìdánwò USMLE kò ní máàkì mọ́ láti oṣù Kìn-ín-ní 2022. Pé o yege tàbí o kò yege nìkan ni wọ́n ń sọ. Nítorí náà máàkì apá kejì àti lẹ́tà ìjẹ́rìí dókítà àgbà ti wúwo ju ti àtijọ́ lọ, dókítà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ni lẹ́tà rẹ̀ sì níyì jù. Báwo ni ènìyàn ṣe ń rí i gbà? Àwọn ilé-ìwòsàn kan níbẹ̀ máa ń gba akẹ́kọ̀ọ́ láti ìta fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí ó wá fọwọ́ kan aláìsàn; elective ni wọ́n ń pè é. Akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń gbà. Ní ọjọ́ tí o bá gboyè, ilẹ̀kùn yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tì pátápátá. Ìwòran lásán ni ó kù. Oṣù Kẹsàn-án ni ìwé ìbéèrè residency ń wọlé, oṣù Kẹta ni èsì ń jáde, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje ni iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá pàdánù oṣù Kẹsàn-án pàdánù ọdún kan. Ti Gẹ̀ẹ́sì kò ní kàlẹ́ńdà líle bẹ́ẹ̀ fún ìdánwò PLAB, ṣùgbọ́n Manchester ni wọ́n ti ń ṣe apá kejì rẹ̀, háósì-jọ́ọ̀bù ọdún kan tí o ṣe nílé sì wúlò púpọ̀ níbẹ̀. Ìdí nìyí tí n kò fi bá àwọn tí ó ń kánjú fò ó jiyàn; mo kàn ń wò wọ́n ni.

Ètò rere náà sì lè dàrú láìṣe ẹ̀bi akẹ́kọ̀ọ́. Ní oṣù Kejì 2022, ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Ukraine, àwọn ọmọ wa sá gba ẹnu ibodè jáde. Àwọn ilé-ìwé ń kọ́ wọn lọ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n MDCN kéde ní ọdún náà pé òun kò ní gba oyè ìṣègùn tí a fi irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó le, ṣùgbọ́n n kò rí bí wọn ì bá ti ṣe é: a kì í kọ́ bí a ṣe ń gbẹ̀bí láti orí fóònù. Ní oṣù Kẹrin 2023 ó kan àwọn tí ó wà ní Sudan. Àwọn tí ó tètè rí ilé-ìwé mìíràn wọ̀ ni àwọn tí ìwé wọn pé lọ́wọ́.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ẹ̀dà ìwé máàkì yín ti ọdọọdún wà nílé, lọ́dọ̀ òbí. Ẹ ní ìwé tí ẹ ń kọ iṣẹ́ wọ́ọ̀dù sí, kí orúkọ ẹ̀ka, ọjọ́ tí ẹ wọlé, ọjọ́ tí ẹ jáde àti iye ọ̀sẹ̀ wà nínú rẹ̀. Kí dókítà àgbà buwọ́ lù ú ní ọjọ́ tí ẹ parí gan-an. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni èmi tó padà lọ gba ìbuwọ́lù tèmi. Ọ̀kan nínú àwọn dókítà náà ti fẹ̀yìn tì, èkejì ti kó lọ sí ìlú mìíràn, ẹnì kẹta sì ní òun kò rántí ojú mi.