Ohun tí Àǹtí mi ń wò nínú ìwé ẹni tó ń wáṣẹ́

Ní tọ́ọ̀mù tó kọjá, wọ́n kọ́ wa ní lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ̀ nínú kíláàsì. Lẹ́tà ìwáṣẹ́ ni wọ́n ní kí a kọ. Mo gba méje nínú mẹ́wàá, mo sì rò pé mo ti mọ̀ ọ́n kọ. Ìgbà tí mo lọ lo họlidé lọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi ní Àbújá ni mo tó rí i pé nǹkan tí mi ò mọ̀ ṣì pọ̀.

Iṣẹ́ Àǹtí mi ni kí wọ́n máa gba èèyàn síṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń kó oògùn fún àwọn kẹ́míìsì. Ní ọjọ́ Sátidé kan, wọ́n gbé àpò ìwé ńlá kan wálé. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń wá, ẹni tí yóò máa tọ́jú ibi tí wọ́n ń kó ọjà pamọ́ sí, ṣùgbọ́n ìwé 214 ló ti wọlé. Wọ́n ní kí n jókòó kí n máa bá àwọn tò ó, wọ́n sì kìlọ̀ fún mi pé mi ò gbọdọ̀ dárúkọ ẹnikẹ́ni fún ẹnikẹ́ni. Mi ò sì ní dárúkọ. Ìwé kan ṣoṣo ni màá sọ̀rọ̀ lé lórí dáadáa, ẹni tó ni ín sì ti fún mi láyè. Ìwé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni.

Ẹ̀gbọ́n mi ti parí yunifásítì, wọ́n ti ṣe agùnbánirọ̀ ní ìpínlẹ̀ Tàràbà, ó sì ti pé ọdún méjì tí wọ́n ti ń wáṣẹ́. Nílé wa ní Kàdúná, bí fóònù wọn bá ti dún, gbogbo wa la máa ń wo ojú wọn. Nígbà tí Màmá mi gbọ́ pé ilé-iṣẹ́ Àǹtí mi ń wá èèyàn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n pe Àǹtí mi láàárín ọ̀sẹ̀ kan. "Ọmọ tìẹ náà ni o. Ṣáà fi í síbẹ̀."

Ìṣẹ́jú kan péré

Mo rò pé Àǹtí mi á ka ìwé kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Rárá o! Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Mo ní, "Àǹtí, ẹ ò mà kà á tán." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bí àwọn bá lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí ìwé kọ̀ọ̀kan, ìwé 214 á gbà ju wákàtí 35 lọ, bẹ́ẹ̀ àwọn ní iṣẹ́ mìíràn tí àwọn ń ṣe.

Ọ̀nà mẹ́ta la tò wọ́n sí: èyí tó bá iṣẹ́ náà mu, èyí tí a ó tún wò, àti èyí tí kò bá a mu. Nǹkan mẹ́rin ni ìpolówó iṣẹ́ náà béèrè: ìwé ẹ̀rí, ẹni tó ti tọ́jú ọjà rí, ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà lò díẹ̀, àti ẹni tó gbọ́ Haúsá nítorí àwọn awakọ̀ àti àwọn oníbàárà. Bí Àǹtí mi ò bá tètè rí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ojú ewé kìíní, ìwé náà ti di ti ọ̀nà kẹta nìyẹn. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra ẹni náà, wọn ò rí ohun tí wọ́n ń wá ni.

Nítorí náà, ẹni tó ń wáṣẹ́ gbọ́dọ̀ ka ìpolówó dáadáa, kí ó sì fi ohun tí wọ́n béèrè sí òkè, níbi tí ojú á ti tètè rí i. Kí ìwé náà má ju ojú ewé méjì lọ. A rí ọ̀kan tó jẹ́ ojú ewé 11!

Àwọn mìíràn pàdánù lórí nǹkan kékeré. Nọ́ńbà fóònù ẹnì kan kò pé. Ẹlòmíràn da lẹ́tà àtijọ́ kọ, orúkọ ilé-iṣẹ́ mìíràn ló wà nínú rẹ̀. Ẹnì kan ń lo ímeèlì tó dà bí ìnagijẹ tí a fi ń pe ara wa ní họ́sítẹ̀lì. Àǹtí mi ní ìnagijẹ kò burú, ṣùgbọ́n kí èèyàn ṣí ímeèlì mìíràn tó jẹ́ orúkọ rẹ̀ gan-an, torí pé kò náni ní nǹkan kan.

Kí lo ti ṣe rí?

Ọ̀nà kẹta ni ìwé ẹ̀gbọ́n mi lọ. Àyà mi já. Mo ń ṣẹ́jú kí omi má bàa bọ́ lójú mi, àṣé Àǹtí mi ti rí mi. Wọ́n mú ìwé náà padà, wọ́n ní, "Wá ka ohun tó kọ sí i."

Ó wà níbẹ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ òṣìṣẹ́ takuntakun, olóòótọ́, ẹni tó lè ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń ṣọ́ ọ. Àǹtí mi ní ìwé tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló ní ọ̀rọ̀ yẹn nínú. "Gbogbo èèyàn ló jẹ́ òṣìṣẹ́ takuntakun lórí bébà. Kí ló ti ṣe rí?"

Mo ní àwọn ló ń kọ ìwé ọjà Màmá mi. Àǹtí mi wò mí. "Ìwé ọjà wo?"

Mo bá ṣàlàyé. Màmá mi ń ta ìrẹsì, ẹ̀wà, mílíìkì àti ọṣẹ. Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ti dé láti Tàràbà, àwọn ló ń kọ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde sílẹ̀ lálaalẹ́. Àwọn ló rí i pé mílíìkì ń bàjẹ́ nílẹ̀ nítorí pé tuntun la kọ́kọ́ ń tà, tí èyí tó ti pẹ́ wà lẹ́yìn. Wọ́n tún ọjà tò kí èyí tó máa tètè bàjẹ́ lè wà níwájú, a ò sì da mílíìkì nù mọ́. Ní ti Haúsá, wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n bí sí Sókótó. Kò sí ọ̀kankan nínú gbogbo èyí nínú ìwé náà! Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá nìkan ni wọ́n kọ síbi tí wọ́n ti béèrè èdè tí wọ́n gbọ́.

Àǹtí mi pè wọ́n lórí fóònù. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Àǹtí, ṣọ́ọ̀bù Màmá wa kì í ṣe iṣẹ́ ná. Mi ò ríṣẹ́ ni mo ṣe jókòó síbẹ̀."

Àǹtí mi ní, "Ohun tí mò ń wá gan-an lo fi pamọ́ fún mi. Ṣé àlá ni kí n fi rí i ni?"

Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ni pé kí èèyàn kọ iṣẹ́ tó ṣe, bó ṣe pọ̀ tó, àti ohun tó tìdí rẹ̀ jáde. Dípò "mo mọ ọjà tọ́jú," ó sàn kí ó kọ ọ́ pé "mo ṣe àkọsílẹ̀ ọjà lójoojúmọ́ fún ọdún méjì, mo tún un tò kí ọjà má bàa bàjẹ́ mọ́." Ẹ̀yin náà wò ó, èwo lẹ máa gbàgbọ́ nínú méjèèjì? Ó kù ọjọ́ mẹ́rin kí wọ́n ti ìwé gbígbà, ẹ̀gbọ́n mi sì tún tiwọn kọ. Àǹtí mi ní ohun kan náà ni àwọn ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá pè láti béèrè, pé àwọn tó ń pè ni kò pọ̀.

Má fi irọ́ wáṣẹ́

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Ní ibi iṣẹ́ Àǹtí mi, kì í tó ogún ọdún. Èsì ìdánwò WAEC ṣeé yẹ̀ wò lọ́dọ̀ WAEC fúnra wọn, ìwé ẹ̀rí yunifásítì náà sì ṣeé béèrè ní yunifásítì. Wọ́n ti ní kí ẹnì kan máa lọ lẹ́yìn tó ti ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́jọ, nítorí pé ó yí èsì rẹ̀ padà. Àwọn mìíràn ń dín ọjọ́ orí kù nítorí agùnbánirọ̀, bẹ́ẹ̀ òfin ti ṣètò tiwọn. Ẹni tó bá ti lé ní ọdún 30 nígbà tó parí yunifásítì kì í ṣe agùnbánirọ̀, ìwé ìyọ̀ǹda ni wọ́n máa ń fún un, kò sì sí ìtìjú nínú rẹ̀.

Bákan náà, bí o bá fẹ́ kọ orúkọ ẹni tó máa jẹ́rìí sí ọ, kọ́kọ́ sọ fún un. Àǹtí mi pe ẹnì kan báyìí, onítọ̀hún ní, "Ta nìyẹn? Mi ò mọ̀ ọ́n o."

Ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò

Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Àǹtí mi ní aṣọ náà kò ní láti wọ́n, kó ṣáà mọ́, kí wọ́n sì lọ̀ ọ́. Kí èèyàn dé ṣáájú àkókò, kí ó sì kí ẹni tó wà lẹ́nu géètì dáadáa. Ṣé ẹ mọ ìdí rẹ̀? Bí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò bá ti parí, Àǹtí mi máa ń lọ béèrè lọ́wọ́ ẹlẹ́nu géètì pé, "Èwo nínú wọn ló kí yín?"

Ìbéèrè tó ń pa ọ̀pọ̀ èèyàn ni "Kí lo mọ̀ nípa ilé-iṣẹ́ wa?" Kí èèyàn kà nípa wọn kó tó kúrò nílé. Bí wọ́n bá sì ní "Sọ nípa ara rẹ," kì í ṣe ibi tí wọ́n bí ọ sí ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ tí o ti ṣe tó jọ iṣẹ́ tí wọ́n ń wá èèyàn sí ni kí o sọ, láàárín ìṣẹ́jú méjì. Bí wọ́n bá béèrè iye owó tí o fẹ́, kí o ti wádìí iye tí wọ́n ń san fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Owó oṣù tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin ti di 70,000 náírà láti ọdún 2024.

Nǹkan kan wà tó kan àwa ọmọ Yorùbá gan-an. Wọ́n kọ́ wa nílé pé ọmọ kì í tẹjú mọ́ àgbà. Ṣùgbọ́n níbẹ̀, ẹni tí kì í ṣe Yorùbá lè rò pé ẹni tó ń wolẹ̀ ń fi nǹkan pamọ́ ni. Àǹtí mi ní kí èèyàn tẹrí ba bó bá wọlé, kó kí wọn, ṣùgbọ́n bó bá ti jókòó, kó wo ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀.

Ẹni tó ní kí o sanwó

Apá yìí dùn mí. Lọ́dún tó kọjá, ẹnì kan fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi pé wọ́n ti mú wọn fún iṣẹ́ kan, kí wọ́n san 12,500 náírà fún fọ́ọ̀mù. Màmá mi yọ ọ́ nínú owó ọjà. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi débẹ̀, gbọ̀ngàn kan ni, èèyàn kún inú rẹ̀, wọ́n ní kí kálukú lọ máa ta oògùn kó sì mú èèyàn mẹ́ta mìíràn wá. Kò sí iṣẹ́ kankan. Ẹ̀gbọ́n mi ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Àǹtí mi ní ẹni tó ń wáṣẹ́ kọ́ ló yẹ kó sanwó. Ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ òṣìṣẹ́ ló ń náwó láti wá a. Kí èèyàn wo orúkọ ilé-iṣẹ́ náà lórí ìkànnì CAC bóyá ó forúkọ sílẹ̀. Kí ó wò ó bóyá ímeèlì náà jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ náà lóòótọ́. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ òkè òkun ni wọ́n ṣèlérí, tí wọ́n sì fẹ́ gba páṣípọ́ọ̀tù rẹ̀ pamọ́, kí ó sá lọ bá NAPTIP, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 2003 láti gbógun ti àwọn tó ń ta èèyàn.

Wọ́n tún sọ ohun kan tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí mo ṣì kéré púpọ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 2014, àjọ Immigration pe àwọn tó ń wáṣẹ́ wá ṣe ìdánwò ní àwọn pápá ìṣeré káàkiri Nàìjíríà. 1,000 náírà ni wọ́n ti gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Èèyàn tó lé ní 500,000 ló ń wá ipò tí kò tó 5,000. Èrò pọ̀ jù, wọ́n tẹ ara wọn mọ́lẹ̀, èèyàn tó kú sì lé ní mẹ́wàá. Àǹtí mi ní nígbàkígbà tí àwọn bá fẹ́ pe èèyàn fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, àwọn kì í pe ju mẹ́fà lọ lójúmọ́.

Ẹni tó ní èèyàn ńkọ́?

Mo béèrè ìdí tí wọn ò fi lè kàn fi ẹ̀gbọ́n mi síbẹ̀. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Bí mo bá fi í síbẹ̀ tí oògùn sì bàjẹ́, wọ́n á lé e, wọ́n á lé èmi náà. Àwọn 213 yòókù náà ní ìyá." Wọ́n sọ fún ọ̀gá wọn pé mọ̀lẹ́bí àwọn wà nínú rẹ̀, wọ́n sì gbé ìwé ẹ̀gbọ́n mi fún ẹlòmíràn pé kó yẹ̀ ẹ́ wò.

Wọ́n pe ẹ̀gbọ́n mi fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, àwọn ló ṣe ipò kejì. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n mú. Màmá mi ò pe Àǹtí mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹ̀gbọ́n mi fi ìwé tuntun náà ránṣẹ́ síbòmíràn ní Kàdúná, wọ́n sì gbà wọ́n fún oṣù mẹ́fà ná, láti máa tọ́jú ọjà. Ọjọ́ tí wọ́n gba owó oṣù àkọ́kọ́, Màmá mi di gàrí àti kúlíkúlí ránṣẹ́ sí Àbújá. Àǹtí mi mọ ohun tí ó túmọ̀ sí.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, iṣẹ́ ṣì jìnnà sí wa, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ wa máa yan akọ̀wé tuntun ní tọ́ọ̀mù yìí, lẹ́tà la ó sì fi béèrè. Ẹ má kọ ọ́ pé ẹ jẹ́ ọmọlúàbí tó fẹ́ràn Yorùbá. Gbogbo wa náà la fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ kọ ohun tí ẹ ti ṣe fún ẹgbẹ́, bó ti wù kó kéré mọ. Èmi ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tèmi.