Ẹ Jẹ́ Kí Omi Yín Yan Sóná fún Yín

Bí ìgbà òtútù bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní Texas, tí omi Lake Conroe sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ wọ́ọ́rọ́, àwọn àbúrò mi ní Houston á bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ kan náà nípa sóná, ẹ̀rọ tó ń fi ohùn wá ẹja lábẹ́ omi, ni gbogbo wọn ń sọ: "Ẹ̀gbọ́n, mo ti kó owó jọ. Sóná wo ni kí n rà?" Èmi náà á bi wọ́n pé omi wo ni wọ́n fẹ́ gbé e lọ. Inú wọn kì í dùn sí èsì yẹn, torí orúkọ ẹ̀rọ ni wọ́n fẹ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà dáhùn tí n kò ní tàn wọ́n jẹ. Ẹ̀rọ tó ń ṣe bẹbẹ nínú adágún tó jìn tó sì mọ́ gaara lè má wúlò rárá níbi tí koríko ti bo omi pitimu.

Básì ni ẹja tí àwọn apẹja Amẹ́ríkà ń lé kiri jù lọ, èyí tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ló sì kún àwọn adágún wa ní Texas. Ẹja tó ń lúgọ ni. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ìdí kùkùté lẹ ó ti bá a, tàbí abẹ́ èbúté onípákó, tàbí etí koríko, tàbí ibi tí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ omi ti jìn lójijì. Ibẹ̀ ni yóò dúró sí títí ẹja kéékèèké yóò fi kọjá, á sì gbé e mì. Nítorí náà, ìbéèrè méjì ló wà lọ́rùn apẹja básì: ibo ni ilé ẹja wà, ṣé onílé sì wà nílé? Kò sí sóná tó mọ ìbéèrè méjèèjì dáhùn bákan náà. Ẹni tí kò bá mọ èwo lòun ń bi ẹ̀rọ, á náwó gọbọi, kò sì ní rí èsì gbà.

Ọwọ́ ènìyàn ló ṣe ọ̀pọ̀ adágún tí à ń pẹja nínú wọn níhìn-ín. Odò San Jacinto ni wọ́n sé tí Lake Conroe fi kún ní 1973. Adágún Sam Rayburn, tó fẹ̀ ju 110,000 éékà lọ, ti wà láti àárín àwọn ọdún 1960. Kí omi tó bo ilẹ̀ wọ̀nyí, igbó wà níbẹ̀, oko wà, títì wà, odò kéékèèké sì ń ṣàn láàárín wọn. Gbogbo rẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀, ojú wa ni kò tó o. Bàbá mi tó jẹ́ apẹja ní Ẹ̀pẹ́, ọ̀pá tí wọ́n fi ń ti ọkọ̀ náà ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ẹrẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ ọ̀sà àbí yanrìn. Omi tó jìn tó 60 ẹsẹ̀ bàtà kò gba ọ̀pá. Ohùn ni à ń rán sí i.

Iṣẹ́ tí sóná ń ṣe gan-an nìyẹn. Transducer, ìyẹn ohun dúdú kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ìdí ọkọ̀ tàbí mọ́ ẹ́ńjìnnì oníná tó wà níwájú, á rán ohùn tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ sínú omi, á sì dúró de gbohùngbohùn rẹ̀. Nínú omi tí kò níyọ̀, ohùn ń sáré nǹkan bí 1,480 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, eré yìí sì ju ìlọ́po mẹ́rin èyí tó ń sá nínú afẹ́fẹ́ lọ. Ẹ̀rọ á ṣírò àkókò tí gbohùngbohùn fi padà dé, á sì mọ bí nǹkan ṣe jìnnà tó. Nínú ara ẹja, àpò afẹ́fẹ́ tó fi ń léfòó ló ń dá ohùn padà jù. Carl Lowrance àti àwọn ọmọ rẹ̀ wà lára àwọn tó gbé ẹ̀rọ yìí dé ọwọ́ apẹja lásán. Ara wọn ni wọ́n fi ń wọ inú omi láti wo bí ẹja ṣe ń ṣe, wọ́n sì rí i pé apá kékeré nínú adágún ni ọ̀pọ̀ ẹja ń kó ara wọn jọ sí. Àpótí kékeré aláwọ̀ ewé tí wọ́n gbé jáde ní 1959 kò ní àwòrán kankan. Iná tó ń ṣẹ́jú lórí rẹ̀ ni apẹja ń kà.

Ọmọ àpótí yẹn ni sóná tó ń wo ìsàlẹ̀ tààrà, èyí tó wọ́n níwọ̀n jù lórí àtẹ títí dòní. Ẹ lè rí kékeré rẹ̀ tí kò tó 200 dọ́là. Bí ẹ bá rí CHIRP lára rẹ̀, ohun tó túmọ̀ sí ni pé kì í rán ohùn kan ṣoṣo, ó ń fa ohùn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, àwòrán rẹ̀ sì ń já gaara jù. Àléébù rẹ̀ ni pé ibi tó ń rí kò fẹ̀. Tí ìtànṣán ohùn rẹ̀ bá jẹ́ 20 dígírì, nínú omi tó jìn ní 20 ẹsẹ̀ bàtà, nǹkan bí 7 ẹsẹ̀ bàtà péré ló ń rí nísàlẹ̀, láti etí kan dé èkejì.

Lójú sóná yìí, ẹja máa ń hàn bí ìlà tó tẹ̀, tí àárín rẹ̀ ga ju etí rẹ̀ méjèèjì lọ. Kì í ṣe ara ẹja ló rí bẹ́ẹ̀. Bí ọkọ̀ ti ń kọjá lórí ẹja, etí ìtànṣán ló kọ́kọ́ bà á, ọ̀nà sì jìn díẹ̀. Nígbà tó bá dé abẹ́ ọkọ̀ gan-an, ọ̀nà á kúrú. Bí ọkọ̀ bá kọjá, ọ̀nà á tún gùn. Bí ọkọ̀ àti ẹja bá jọ dúró sójú kan, ìlà gbọọrọ lẹ ó rí. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rí ìlà gígùn kó wá máa kígbe pé ẹja ńlá dé. Ìgbà tí ẹja pẹ́ nínú ìtànṣán ni gígùn náà ń sọ.

Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú di sóná yìí, pàápàá nígbà ẹ̀rùn Texas. Ní oṣù Keje àti Kẹjọ, omi gbígbóná á jókòó sórí omi tútù, wọn kò ní pò pọ̀, ọ́síjìn á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nísàlẹ̀. Bí ẹ bá fi kún agbára ìgbọ́ràn ẹ̀rọ, ẹ ó rí ààlà omi méjèèjì bí ìlà rúdurùdu tó nà lọ tààrà. Bí ìlà yẹn bá wà ní 22 ẹsẹ̀ bàtà, kí lẹ ń wá ní 35?

Sóná tó ń fi àwòrán ìsàlẹ̀ hàn kedere bíi fọ́tò kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Igi á jọ igi, ẹja á dà bí ẹyọ kékeré. Inú àpótí kan náà ló sábà máa ń wà pẹ̀lú àwọn yòókù, ẹnikẹ́ni kò nílò láti tìtorí rẹ̀ nìkan ra ẹ̀rọ.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù, tí mo sì ń polongo fún gbogbo ẹni tó bá bi mí, ni sóná ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́, èyí tó ń wo ọ̀tún àti òsì lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé iṣẹ́ Humminbird ló kọ́kọ́ gbé e dé ọwọ́ apẹja ní 2005. Ìtànṣán rẹ̀ tín-ín-rín láti iwájú sí ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ó nà lọ sí ẹ̀gbẹ́. Bí ọkọ̀ ti ń lọ, ẹ̀rọ á máa to àwọn ìlà tín-ín-rín yìí léra títí wọn ó fi di àwòrán ìsàlẹ̀ adágún. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ kò fi gbọdọ̀ dúró. Ẹ wà á tààrà, ní eré 4 tàbí 5 máìlì ní wákàtí kan. Bí ẹ bá yí, àwòrán á lọ́. Ohùn 455 kHz ń rìn jìnnà, 800 kHz ń fi nǹkan hàn kedere jù ú lọ, àwọn tuntun tó dé 1,200 kHz sì mọ́ jù, ṣùgbọ́n wọn kì í lọ jìnnà. Ẹ má sì na ojú ẹ̀rọ jù. Ó lè wo 150 ẹsẹ̀ bàtà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, àmọ́ nínú omi tí kò jìn púpọ̀, 60 sí 80 ni mo máa ń fi tèmi sí, kí ẹja lè tóbi tó ohun tí ojú ń rí.

Láàárín àwòrán náà, ẹ ó rí ọ̀nà dúdú gbọọrọ kan. Omi abẹ́ ọkọ̀ yín nìyẹn. Ibi tó parí sí ni ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ àti ìkarahun á mọ́lẹ̀, ẹrẹ̀ á ṣókùnkùn. Kùkùté á mọ́lẹ̀, òjìji dúdú á sì wà lẹ́yìn rẹ̀, torí ohùn kò lè kọjá lára rẹ̀. Òjìji yìí ni kí ẹ kọ́ láti kà, ó ṣe pàtàkì ju gbogbo bọ́tìnì orí ẹ̀rọ lọ. Ẹja á hàn bí ẹyọ funfun, òjìji tirẹ̀ náà á wà lẹ́yìn. Bí òjìji bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹja náà wà nílẹ̀. Bí àlàfo bá wà láàárín wọn, ó léfòó. Bí àlàfo bá ṣe fẹ̀ sí i ni ẹja ṣe ga sí i. Ní Lake Conroe, àwọn ènìyàn máa ń ri igi ẹlẹ́ka sómi kí ẹja lè kó jọ síbẹ̀. Mo rí ọ̀kan báyìí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan: ẹ̀ka igi funfun wíríwírí, òjìji márùn-ún tò lẹ́yìn rẹ̀, mi ò sì tíì rí ẹja kankan. Àfìgbà tí mo tún ojú mọ́ ọn ni mo rí ẹyọ funfun márùn-ún láàárín ẹ̀ka. Mo tẹ ibẹ̀ lójú ẹ̀rọ kí GPS lè pa á mọ́, mo yí ọkọ̀ padà, mo dúró lọ́ọ̀ọ́kán, mo sì ju ìwọ̀.

Èyí tí gbogbo ènìyàn ń sọ lónìí ni sóná tó ń wo iwájú, tó ń fi ẹja hàn bó ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Garmin mú LiveScope jáde ní 2018, ilé iṣẹ́ Lowrance tẹ̀ lé e pẹ̀lú ActiveTarget ní 2020, Humminbird náà sì gbé MEGA Live dé ní 2021. Ohun ìyanu ni, mi ò ní purọ́. Ẹ ó rí ìjẹ yín bó ṣe ń rì, ẹ ó rí básì tó jáde látẹ̀yìn igi, tó tẹ̀ lé e, tó dúró dẹ̀ẹ̀ nítòsí rẹ̀, tó sì yí padà. Ẹ̀rọ yìí náà ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wa gbà pé básì tó ń rìn láàárín gbangba omi lẹ́yìn ọ̀wọ́ ẹja kéékèèké pọ̀ ju bí a ti rò lọ.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kejì nìkan ló ń dáhùn, bóyá onílé wà nílé. Ìtànṣán rẹ̀ kò fẹ̀: bí ó bá jẹ́ 20 dígírì, ní 60 ẹsẹ̀ bàtà níwájú, ibi tó ń wò fẹ̀ tó nǹkan bí 21 ẹsẹ̀ bàtà. Ẹni tí kò bá mọ ibi tó yẹ kó dojú rẹ̀ kọ, á máa yí i kiri láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kì í sọ bóyá básì lẹ rí àbí ẹja mìíràn. Transducer rẹ̀ àti àpótí rẹ̀ nìkan lè gba nǹkan bí 1,500 dọ́là, ẹ kò tíì ra gílásì ojú ẹ̀rọ tí ẹ ó fi wò ó, ẹ kò sì tíì ra bátìrì. Àríyànjiyàn tún wà lórí rẹ̀ láàárín àwọn tó ń fi ìdíje jẹun. National Professional Fishing League fòfin dè é láti 2024. Ní 2025, Major League Fishing fi í mọ sí apá kan nínú mẹ́ta ọjọ́ ìdíje Bass Pro Tour, ẹgbẹ́ B.A.S.S. náà sì ní kí àwọn apẹja ìdíje Elite rẹ̀ má lo ju transducer rẹ̀ kan lọ. N kò bá wọn pè é ní ojóóró. Ohun tó ń dùn mí ni ọmọdé tó ń kọ́ ìwọ̀ jíjù, tó jẹ́ pé gílásì ló ń wò látàárọ̀, tí kò mọ̀ pé ẹyẹ ń bà lé omi lẹ́yìn òun níbi tí ẹja ti ń fò.

Wàyí o, ẹ gbé gbogbo èyí kalẹ̀ sórí omi yín. Lake Conroe kún fún èbúté onípákó àti igi tí wọ́n rì sómi. Sóná ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ ló ni ín, 500 sí 800 dọ́là sì lè ra èyí tó dára. Ní Lake Fork, igi gbígbẹ ṣì dúró gbọn-in nínú omi jíjìn, ẹja sì ń rọ̀ láàárín wọn. Ibẹ̀ ni èyí tó ń wo iwájú ti ń gba owó rẹ̀ padà. (Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti mú básì tó wúwo jù ní Texas, 18.18 pọ́n-ùn. Barry St. Clair ló mú un ní 1992, crappie, irú ẹja mìíràn, ló sì ń wá lọ́jọ́ náà.) Nínú koríko Sam Rayburn níbi tí omi kò jìn, ohùn kì í ráyè kọjá. Ẹ fi ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ wá etí koríko, kí ẹ pa ìyókù tì. Ẹni tí kò lọ́kọ̀, tó ń pẹja létí omi, sóná bọ́ọ̀lù kékeré wà tí wọ́n ń so mọ́ okùn ìwọ̀ tí fóònù sì ń gba àwòrán rẹ̀. Ó tó o.

Èyí tí ẹ bá rà, ẹ fún un ní bátìrì tirẹ̀. Bí ẹ bá so ó mọ́ èyí tó ń ta ẹ́ńjìnnì jí, agbára iná lè já wálẹ̀ bí ẹ bá ti tẹ ẹ́ńjìnnì, ẹ̀rọ á sì kú. Lẹ́yìn náà, kí ẹ tó lọ wá ẹja kankan, ẹ wà á kọjá ní ibi tí ẹ ti mọ ohun tó wà lábẹ́ omi: òpó afárá kan, tàbí kùkùté tí ẹ fojú rí nígbà tí ọ̀dá mú omi fà sẹ́yìn. Ẹ gba ọ̀tún rẹ̀ lọ, ẹ gba òsì rẹ̀ bọ̀, kí ẹ máa wo bí òjìji rẹ̀ ṣe ń gùn tó sì ń kúrú bí ọkọ̀ bá jìnnà sí i tàbí tó bá sún mọ́ ọn.